Jíìpù àtijọ́ tó ń gbóná, tó ń jẹ́ẹ̀kì, tí kì í fẹ́ sítáàtì láàárọ̀: ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota 4Runner ọdún 1999 ni mò ń wà ní Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì V6 3.4, gíà aládàáṣe. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, "ká" kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́. Mo lè yí i nígbà bíi mẹ́fà kó tó sítáàtì. Rewáyà ti pààrọ̀ bátìrì àti alternator, kò sí ìyàtọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí mo bá tan AC, ọwọ́ ìgbóná máa ń gòkè; bí ọ̀nà bá ti là, á padà sílẹ̀. Mẹkáníìkì yọ thermostat dànù, ó ní òun ló ń fà á. Láti oṣù tó kọjá ó tún ń jẹ́ẹ̀kì tí mo bá ń gun òkè, iná check engine kò sì kú mọ́. Wọ́n ní brainbox ló bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn. Ẹsẹ̀ iwájú ń dún kó-kó-kó nínú kòtò, gíláàsì ẹ̀yìn náà kò sọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, òun ló ṣọ̀wọ́n jù láti bàjẹ́ lára Toyota yìí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bátìrì, alternator, thermostat: ohun mẹ́ta ni wọ́n ti fọwọ́ kàn, ẹ kò sì sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni wọn ìkankan nínú wọn kó tó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó yọ ọ́. Ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ. Ẹ́ńjìnnì yín, 5VZ-FE, kì í tètè bàjẹ́, ó sì rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ ra mítà kékeré irú èyí tí àwọn rewáyà fi ń wọn iná, àti skánà kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Owó méjèèjì pa pọ̀ kò tó owó alternator tí ẹ ti rà lásán.

Ẹ̀yìn lẹ fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ iwájú sí, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àwọn yòókù lè dá yín dúró lójú ọ̀nà. Èyí lè gba ẹ̀mí.

Kó-kó-kó nínú kòtò

4Runner tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2002 ní ibì kan tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń bojú tó: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ńṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń ti bọ́ọ̀lù yẹn wọ inú ilé rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ jẹ, ibẹ̀ náà ni yóò ṣì wà. Lára tiyín, ìwúwo ọkọ̀ ń fà á jáde ni. Bí inú ilé rẹ̀ bá ti jẹ tó gbòòrò, á yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, táyà á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin abẹ́ ọkọ̀ á wá sọlẹ̀ gbì. Kò dìgbà tí ẹ bá ń sáré. Ó lè yọ nígbà tí ẹ ń rọra yí wọ géètì ilé yín, ó sì lè yọ lórí eré ní òpópónà Ìbàdàn sí Èkó.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí ẹ dí táyà ẹ̀yìn. Ṣáàsì ni kí ẹ fi jáàkì gbé. Ẹ gbé e títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan tó lágbára gbé ṣáàsì dúró. Ẹ má ṣe gbára lé jáàkì nìkan. Kí ẹnì kan ki irin gígùn sábẹ́ táyà, kó máa fi gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú jọ́ìntì. Bí ó bá ń lọ sókè-sódò nínú ilé rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí rọ́bà tó bò ó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí kò tiẹ̀ tíì mì, torí iyanrìn àti omi ti wọ ibẹ̀.

Tọ̀tún tòsì ni kí ẹ pààrọ̀ pa pọ̀. Bóòtì mẹ́rin ló dè é mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Bóòtì tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi tọ́ọ̀kì spánà fún un dé 80 N·m, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi gbogbo agbára wé e. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní píìnì tó ń gba ihò rẹ̀ kọjá tí wọ́n tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kó má baà tú. Bí ẹ bá dé Aráròmí ní Agodi Gate, wọ́n á kó oríṣiríṣi síwájú yín, àtuntun àti bẹ́jíọ̀mù. Ẹ má ra bẹ́jíọ̀mù fún èyí. Ojúlówó Toyota ni kí ẹ wá; bí ẹ bá fẹ́ fi owó pamọ́ lára ọkọ̀ yìí, àyè ẹ̀ pọ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣe aláímẹ́ǹtì.

Bí jọ́ìntì bá dúró gbọnyin, ẹ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọ̀pá ìdábùú iwájú mọ́ apá, àti àwọn rọ́bà rẹ̀. Ìyẹn máa ń pariwo púpọ̀, kì í sì í pa èèyàn. Bí sítíárìn bá tún ń rìn gbéregbère, tí ẹ ní láti máa tún un tọ́ lójú ọ̀nà títọ́, ẹ wo rọ́bà tó di ráákì sítíárìn mú mọ́ ṣáàsì. Kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ sì máa wò ó láti ìsàlẹ̀: bí ráákì fúnra rẹ̀ bá ń rìn, rọ́bà ti jẹ.

Ìgbóná

Kí ẹ tó wá ìdí tó fi ń gbóná, ẹ ṣí redíétọ̀ láàárọ̀ nígbà tó tutù pátá, kí ẹ wo àwọ̀ omi inú rẹ̀. Páìpù epo gíà gba inú táńkì redíétọ̀ yìí kọjá kí epo náà lè tutù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí wọ́n ti so páìpù yẹn mọ́ redíétọ̀ máa ń dípẹtà, omi á wọ inú gíà, epo gíà á wọ inú omi. Ohun tí ẹ máa rí á dà bíi yógọ́ọ̀tì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wo epo gíà jáde náà: pupa tó mọ́ ni kó jẹ́. Bí ẹ bá rí yógọ́ọ̀tì yẹn níbikíbi, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ mọ́. Omi máa ń tú gúlúù tó di àwọn awo inú gíà mú, wákàtí díẹ̀ tí ẹ bá fi wà á lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí wọ́n fọ gíà àti kí ẹ ra gíà míràn. Kí wọ́n fa ọkọ̀ lọ, kí wọ́n pààrọ̀ redíétọ̀, kí wọ́n da epo gíà nù, kí wọ́n rọ tuntun, kí wọ́n tún un dà nù títí yóò fi mọ́.

Bí ó bá mọ́, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ redíétọ̀ yẹn rí. Bó bá jẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ dé láti 1999 ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bàjẹ́, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ ìtútù epo gíà kékeré tó dá dúró, kí wọ́n gbé e síwájú redíétọ̀, kí páìpù gíà má gba inú redíétọ̀ mọ́ rárá. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, kò sí ìdí kankan tí gíà fi nílò omi gbígbóná láti mú un móoru.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìgbóná fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ara rẹ̀: ó ń gbóná nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó ń tutù nígbà tí ó ń sáré. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ redíétọ̀. Bí ó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà ibi fáànù ni kí ẹ lọ. Ká ní ó ń gbóná lórí eré tó sì tutù nínú ìlú, mi ò bá ní kí ẹ wo redíétọ̀ tó dí, pọ́ǹpù omi, tàbí ọ́ọ̀sì tó ń fún pọ̀. Ká ní ó ń gbóná níbi gbogbo, omi tó ń jò, ìdérí redíétọ̀ tó ti rọ̀, tàbí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni mi ò bá kọ́kọ́ fura sí.

Fáànù ọkọ̀ yín kì í ṣe ti iná. Bẹ́líìtì ló ń yí i, kílọ́ọ̀ṣì kan sì wà láàárín rẹ̀ tí òróró sílíkónì wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara redíétọ̀ bá fẹ́ lù ú, sílíkónì á di fáànù mú kó lè yí kíkan. Bí ó bá tutù, á tú u sílẹ̀ díẹ̀. Bí sílíkónì bá jò tán, fáànù á máa yí ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ nǹkan kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù nígbà tó tutù: ó gbọ́dọ̀ takú díẹ̀. Bí ẹ bá yí i tó sì ń lọ fúnra rẹ̀ ní ìyípo bíi mélòó kan, kílọ́ọ̀ṣì ti kú. Ẹ tún wo àárín rẹ̀, bóyá òróró dúdú ti ta káàkiri tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ na ọwọ́ tàbí aṣọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kó máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó.

Wo ike ńlá tó yí fáànù ká náà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, wọn kì í sì í dá a padà. Láìsí ike yẹn, fáànù tó dára jù lọ kò lè fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú redíétọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni àárín redíétọ̀ àti ti AC tó wà níwájú rẹ̀: eruku, kòkòrò àti ọ̀rá máa ń dí ibẹ̀ tí a kò ní rí i láti iwájú. Omi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì síta. Omi alágbára ti àwọn tó ń fọ mọ́tò máa ń tẹ àwọn ewé rẹ̀ wálẹ̀.

Thermostat tí wọ́n yọ, ẹ dá a padà. Kì í ṣe ìdíwọ́, òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ sí ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè móoru tó; sẹ́ńsọ̀ á sọ fún brainbox pé ó ṣì tutù, brainbox á máa rọ epo bẹntiróòlù sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Epo á máa tán kíákíá, plọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì. Mi ò sọ pé òun nìkan ló fa jíjẹ́ẹ̀kì yín, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu pé lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ki tuntun sí i, ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C, kó sì ṣí tó mílímítà 8 kí omi tó hó. Ayédèrú pọ̀ tó máa ń ṣí pẹ́ tàbí tí kì í ṣí tán.

Omi ẹ̀rọ tàbí ti bohólù lásán kò tọ́ sínú redíétọ̀ yìí. Ó máa ń jẹ orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, á sì fi èérí funfun sílẹ̀ nínú àwọn ihò tóóró. Kúláǹtì pupa àti omi mímọ́ tí kò ní èròjà, ìdajì sí ìdajì, ni kí ẹ rọ. Omi tí wọ́n ń tà láti fi kún bátìrì dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé omi ni o, kì í ṣe ásíìdì tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ tan hítà sí gbígbóná, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí títí ọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ yóò fi gbóná, kí ẹ tún fi kún un.

Níwọ̀n bí wọ́n á ti yọ fáànù, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímíìn kẹ́yìn. Máìlì 90,000, ìyẹn bíi kìlómítà 145,000, ni Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù omi, torí bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù. Lára ẹ́ńjìnnì yìí, bí ó bá já, fáàfù kì í lu písítìnì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ á dúró síbi tó bá wù ú, ó sì lè jẹ́ Ògùnmákin lóru.

"Ká" kan ṣoṣo láàárọ̀

Ẹ kọ́kọ́ fi skánà ka kóòdù tó wà nínú ọkọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí brainbox fi ń sọ ibi tó rí àṣìṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì. Bí wọ́n bá yọ bátìrì, ohun tí a fẹ́ kà á parẹ́.

Ẹ wọn bátìrì láàárọ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Fólítì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.4, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin; 12.2, ìdajì, bí ó bá wálẹ̀ tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sítáàtì, 13.8 sí 14.5 ni kí ẹ máa rí. Bí ẹ bá rí 12.6 àti nọ́ńbà wọ̀nyí, bátìrì yín kún, alternator yín sì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tà wọ́n fún yín.

Nísinsìnyí, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan máa wo iná náà nígbà tó bá dún "ká". Bí iná bá ṣú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, agbára kò tó: bátìrì, orí bátìrì tó dọ̀tí, tàbí wáyà. Bí iná kò bá yí padà rárá, iná mànàmáná kò dé inú mọ́tọ̀ sítátà. Bí "ká" náà kò bá tilẹ̀ dún, ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú N dípò P. Bó bá sítáàtì, suíìṣì ara gíà ló ń ṣe é. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo fíúsì àti ríléè sítátà.

Fún wáyà, ìdánwò kan wà tí ọ̀pọ̀ rewáyà kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ ó sì dára ju fífi ojú wò lọ. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí òjé bátìrì tó jẹ́ ti òdì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí irin tó dè é. Kí ẹ fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ju fólítì 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn wáyà tó so òdì bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kò dára: ẹ tú u, ẹ fi burọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́ níhà méjèèjì títí yóò fi dán, kí ẹ dè é padà. Ẹ ṣe bákan náà láti orí òjé kejì dé ibi tí wáyà ńlá ti wọ sítátà, 0.5 ni òpin níbẹ̀. Wáyà tó wú nínú rọ́bà, tí ìpẹtà àwọ̀ ewé wà níbi ẹnu rẹ̀, kò ṣeé fọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára, tí iná iwájú kò sì ṣú, mo lè fi ìdánilójú sọ ibi tí ẹ máa bá a. Nínú orí sítátà Denso tí Toyota ń lò, kọ́pà méjì wà tí irin kan ń lù pa pọ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ti lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ́pà á jẹ, pàápàá ti ìhà wáyà bátìrì. Irin á dé, á dún "ká", ṣùgbọ́n kò ní fara kan kọ́pà dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbà nígbà kẹfà: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tó ṣì nípọn kan ni. Kọ́pà méjèèjì nìkan ni kí ẹ rà. Ẹ kò nílò odidi sítátà. Kí wọ́n yọ wáyà òdì bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibẹ̀, kí wọ́n tú sítátà sílẹ̀, kí wọ́n ṣí ìdérí orí rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ kọ́pà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n wo ojú irin tó ń lù wọ́n: bí ó bá ti jẹ sí kòtò, kí wọ́n pààrọ̀ òun náà. Kí kọ́pà méjèèjì tẹ́jú dọ́gba kí wọ́n tó de nọ́ọ̀tì wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni irin á máa kàn, á sì tún jẹ kíákíá.

Ọ̀ràn iná tó ń jò lóru yàtọ̀. Kìkì bí bátìrì bá wà ní 12.6 lálẹ́ tó sì di 12.0 láàárọ̀ ni kí ẹ wá a. Ẹ pa ohun gbogbo, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ yọ wáyà òdì, kí ẹ fi mítà sí àárín wáyà àti bátìrì ní ìwọ̀n amp 10, kí ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá ju amp 0.05 lọ, ẹ máa yọ fíúsì níkọ̀ọ̀kan títí yóò fi wálẹ̀. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ sítátà pẹ̀lú mítà níbẹ̀, fíúsì mítà á jó. Rédíò tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn, àlámù àti tráká ló sábà máa ń jẹ̀bi.

Jíjẹ́ẹ̀kì àti iná check engine

Níbi tí ẹ bá ti ń gun òkè ni ẹ́ńjìnnì ti ń béèrè iná tó lágbára jù lọ láti ẹnu plọ́ọ̀gì, ìdí nìyẹn tí àìlera rẹ̀ fi ń hàn níbẹ̀ tí kò sì hàn nígbà tó dúró.

Kọ́ìlì mẹ́ta péré ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí fún sílíńdà mẹ́fà. Kọ̀ọ̀kan jókòó lórí plọ́ọ̀gì kan, wáyà kan sì jáde lára rẹ̀ lọ sí plọ́ọ̀gì òdìkejì. Sílíńdà 1 àti 4 ń lo ọ̀kan, 2 àti 5 ń lo ọ̀kan, 3 àti 6 ń lo ọ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka kóòdù. Bí P0301 àti P0304 (sílíńdà 1 àti 4 ń kọsẹ̀) bá jáde pa pọ̀, kọ́ìlì tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ fura sí: ẹ fi kọ́ìlì ibòmíràn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ẹ nu kóòdù kúrò, ẹ wà á lọ sórí òkè. Bí kóòdù bá bá kọ́ìlì lọ, ẹ ti rí i. Bí sílíńdà kan ṣoṣo ló jáde, plọ́ọ̀gì rẹ̀, wáyà rẹ̀, tàbí ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ ni. Wáyà plọ́ọ̀gì kan kò gbọ́dọ̀ ju 25 kΩ lọ lórí mítà.

Nígbà tí ẹ bá yọ wáyà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú kànga plọ́ọ̀gì. Bí epo ẹ́ńjìnnì bá wà níbẹ̀, rọ́bà ìdérí fáàfù ti gbó, epo á sì ti sọ ẹnu wáyà di rírọ̀, iná á máa sá gba ibẹ̀ jáde. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà kí ẹ tó ki plọ́ọ̀gì tuntun. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹnu méjì nísàlẹ̀, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.1, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹlẹ́nu kan rọ́pò rẹ̀ nítorí owó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni kí wọ́n tú u.

Bí P0171 ló jáde, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹ tẹ rọ́bà ńlá tó ti ilé àsẹ́ afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ na àwọn ìkákò rẹ̀ wò: ibẹ̀ ló máa ń ya. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sì wà lẹ́yìn àsẹ́; oògùn fífọ̀ tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ fín sí i, kí ó gbẹ. Ẹ má fi ìka tàbí burọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má sì lo oògùn kábúrétọ̀. Bí P0325 tàbí P0330 bá jáde, sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìró ìkànlù ẹ́ńjìnnì ni. Abẹ́ ìwọlé afẹ́fẹ́ ló wà, wáyà rẹ̀ máa ń gbẹ kó sì já nítorí ooru. Brainbox á fà sẹ́yìn kúrò nínú agbára láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, òkè á sì di ìṣòro. Nítorí iṣẹ́ tó wà nínú títú ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà àti sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú dípò kó dúró, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, torí bẹntiróòlù tí kò jóná ń lọ jó katalíìsì inú sàléńsà run. Bí kọ́ìlì, plọ́ọ̀gì àti wáyà bá dára tí sílíńdà kan ṣì ń kọsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́ńpréṣọ̀n: 174 psi ló yẹ, 145 ni ìsàlẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà kò sì gbọ́dọ̀ ju bíi 15 lọ.

Nípa brainbox: ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ so mọ́. Ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí, èyí tí mo ní kí ẹ wọn lókè, lè mú kí sítátà ṣàárẹ̀ kó sì tún mú kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ ìsọkúsọ. Bí fíúsì EFI bá dára, tí ẹ́ẹ̀tì bá mọ́, tí bátìrì bá kún, tí skánà sì ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, brainbox yín ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní kò ṣiṣẹ́, ẹ ní kó fi mítà hàn yín.

Gíláàsì ẹ̀yìn

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti pa dáadáa, torí suíìṣì tó wà níbi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè dá gíláàsì dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rọ́bà tí wáyà gbà kọjá láti ara ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn náà, lókè níbi ìṣíkà. Ṣíṣí àti pípa fún ogún ọdún ó lé máa ń já wáyà nínú rọ́bà yẹn láìjẹ́ pé a rí i lóde. Ẹ fà á jáde, kí ẹ máa tẹ wáyà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rọ̀ jọwọlọ níbì kan ti já. Kí rewáyà gé ibẹ̀ kúrò, kó fi wáyà tó rọ̀ tó sì gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ so ó, kó fi òjé jó o, kó sì wọ rọ́bà fún un. Téèpù lásán kò ní pẹ́ níbẹ̀.